Bí A Ṣe Lè Kó Fídíò àti Orin Ilé Wa Jọ Sínú Kọ̀ǹpútà Kan

Ní ọdún 1935, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ gbé asọ̀rọ̀mágbèsì wọ Èkó, ẹ̀rọ kan ní ibùdó ni ó ń gba ìròyìn láti Lọ́ńdọ̀nù, tí a sì ń fi wáyà pín in dé inú àpótí kékeré ní ilé àwọn tí ó san owó. Ohun tí a fẹ́ kọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí jọ bẹ́ẹ̀, àfi pé yàrá tiyín ni ibùdó náà yóò wà.

Jellyfin ni orúkọ ètò kọ̀ǹpútà náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018 ni àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni yà á kúrò lára Emby, nígbà tí àwọn oní-Emby ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ wọn mọ́ aráyé. Ọ̀fẹ́ ni, gẹ́gẹ́ bí Linux tí Linus Torvalds ọmọ ilẹ̀ Finland bẹ̀rẹ̀ ní 1991. Ẹni tí ó ní fídíò ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti ìsìnkú òbí rẹ̀ nínú fíláàṣì mẹ́ta mẹ́rin mọ bí wọ́n ti ń sọnù. Bí ẹ bá kó wọn sínú Jellyfin, fóònù àti tẹlifíṣọ̀n tí ó bá wà lórí Wi-Fi ilé yóò wò wọ́n, bí dátà tilẹ̀ ti tán.

Ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndó, níbi tí iná mọ̀nàmọ́ná kò ṣeé gbójú lé, àwa yan kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀, irú èyí tí wọ́n ń tà ní Computer Village, Ìkẹjà, tí bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára. Bí iná bá lọ lójijì nígbà tí kọ̀ǹpútà ń kọ nǹkan sílẹ̀, fáìlì lè bàjẹ́. Bátìrì yóò fún yín láyè láti pa á bí ó ti yẹ.

Àwọn tí ó ṣe ètò náà ti to gbogbo àṣẹ sínú ìwé kan tí à ń pè ní script. Lórí Ubuntu tàbí Debian, ẹ tẹ ìlà mẹ́ta yìí:

wget https://repo.jellyfin.org/install-debuntu.sh
less install-debuntu.sh
sudo bash install-debuntu.sh

Ìlà kìíní ń gba ìwé náà wá. Ìkejì ń ṣí i fún kíkà, lẹ́tà q ni a fi ń jáde. Ìkẹta ń mú un ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fo ìlà kejì, èyí kò sì dára. Ẹni tí ó tẹ sudo ti fi kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé lé àlejò lọ́wọ́: ohunkóhun tí ìwé náà bá wí ni kọ̀ǹpútà yóò ṣe, ìbáà ṣe láti pa gbogbo fáìlì rẹ́. Bí ẹ kò tilẹ̀ mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ẹ wo àwọn adírẹ́sì tí ó ti ń gba nǹkan wá. Ẹ má sì gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí localhost:8096 kí ẹ sì yan ọ̀rọ̀ ìwọlé. Àṣẹ hostname -I ni yóò fi nọ́ńbà kọ̀ǹpútà hàn yín. Bí ó bá jẹ́ 192.168.1.10, ẹ tẹ 192.168.1.10:8096 lórí fóònù.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ nìyí: Jellyfin kò rí fídíò kankan! Láti Ubuntu 21.04, fódà oníkálùkù ní /home ti di títì mọ́ ẹlòmíràn, Jellyfin sì jẹ́ ẹlòmíràn níbẹ̀. Ẹ kó fídíò náà sí /srv/fidio.

Nígbà tí iná bá dé tí ẹ sì tan kọ̀ǹpútà, Jellyfin yóò dìde fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ tẹ sudo systemctl status jellyfin. Ọ̀rọ̀ náà active ni kí ẹ wá. Kí bátìrì tó tán, sudo poweroff ni kí ẹ fi pa á.