Sáfà Kan Tàbí Ọ̀wọ́ Sáfà: Èwo Ló Yẹ Iṣẹ́ Wa?

Ní abala ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tòní, ọ̀rọ̀ sáfà la fẹ́ sọ. Sáfà ni kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn kọ̀ǹpútà yòókù lóhùn. Bí ẹni tó ń gbowó ní ilé ìtajà ńlá bá tẹ orúkọ ọjà sínú kọ̀ǹpútà iwájú rẹ̀, sáfà ló ń wá iye owó ọjà náà jáde, òun náà ló sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti tà á. Bí sáfà bá kú, gbogbo káúńtà di igi lásán.

Ìbéèrè tí àwọn oníṣòwò sábà máa ń bi àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ni pé: ṣé ká ra sáfà kan ṣoṣo tó lágbára, àbí ká so mélòó kan pọ̀ kí wọ́n máa ṣe bí ẹyọ kan? Èyí kejì yìí ni wọ́n ń pè ní cluster ní kíláàsì. Níhìn-ín, ọ̀wọ́ sáfà la ó máa pè é. Ẹgbẹ́ Yorùbá ṣáà ni wá.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ilé oúnjẹ wa ná. Ká ní fèrèsé kan ṣoṣo ló wà, ẹnì kan ló ń bu oúnjẹ, ìwé kan ló sì ń fi ṣàmì sí orúkọ ẹni tó ti gbà. Ìlà á gùn, ṣùgbọ́n kò sí ìjà: ẹni tó ti gbà ti gbà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí ibà bá dá ẹni yẹn wó, ebi dé nìyẹn.

Wàyí o, ká ṣí fèrèsé mẹ́ta. Ìlà kúrú, bí ẹnì kan bá sì ṣàìsàn, méjì ṣì wà. Ó dára, àbí? Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún fèrèsé kejì pé ọmọkùnrin tó dúró yìí ti gba ẹran tirẹ̀ ní fèrèsé kìn-ín-ní? Ìwé mẹ́ta gbọ́dọ̀ máa bára mu nígbà gbogbo. Ẹnì kan tún gbọ́dọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà tí yóò máa pín àwọn ọmọ sí fèrèsé. Bí àìsàn bá mú òun náà ńkọ́? Àwọn tó ń ta ọ̀wọ́ sáfà kì í sábà mẹ́nu ba èyí. Bíbu oúnjẹ kò le, ìwé ló le.

Ẹ gbọ́ ìṣirò rẹ̀. Bí sáfà kan bá ń ṣiṣẹ́ ní ìdá 99 nínú 100, etí á gbọ́ ọ bí ohun tó dára. Ṣùgbọ́n wákàtí 8,760 ló wà nínú ọdún. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ wákàtí 87.6, ó lé ní ọjọ́ mẹ́ta àbọ̀ tí iṣẹ́ máa dúró. Bí a bá ní irú sáfà yẹn méjì, tí ọ̀kan lè gba iṣẹ́ ekejì ṣe, tí ohun tó ń pa ọ̀kan kò sì kan ekejì, ìgbà tí méjèèjì máa kú pọ̀ jẹ́ 1 nínú 10,000, ìyẹn bí ìṣẹ́jú 53 lọ́dún. Ẹ wo gbólóhùn àárín yẹn dáadáa o. Bí sáfà méjèèjì bá wà nínú yàrá kan, tí wọ́n ń lo iná NẸ́PÀ kan, jẹnẹrétọ̀ kan, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì kan, ohun kan náà ló máa pa wọ́n lọ́jọ́ kan náà, ìṣirò wa sì ti bàjẹ́. Ní tèmi o, ẹni tí kò tíì yanjú ọ̀rọ̀ iná, kó má tíì ra sáfà kejì.

Kí ló dé tí ọ̀wọ́ sáfà fi sábà máa ń jẹ́ 3 tàbí 5? Nítorí ìbò ni. Bí wáyà tó so sáfà méjì pọ̀ bá já, tí wọn kò gbúròó ara wọn mọ́, ìkọ̀ọ̀kan lè rò pé ekejì ti kú, kó sì sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá. Ọ̀gá méjì, ìwé méjì: àpò ìrẹsì kan ṣoṣo tó kù, a ti tà á fún ènìyàn méjì. Láti dènà èyí, sáfà kan kì í di ọ̀gá àfi tí iye tó ju ìdajì lọ bá dìbò fún un. Nínú 3, ìbò 2 ni. Ọ̀kan lè kú kí iṣẹ́ máa lọ. Nínú 5, ìbò 3 ni. Méjì lè kú. Nínú 4, ìbò 3 náà ni, ọ̀kan péré ló ṣì lè kú. Ní ti ìbò, owó sáfà kẹrin ti ṣòfò nìyẹn.

Ìbò nìkan kò sì yanjú gbogbo rẹ̀. GitHub, níbi tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ń kó iṣẹ́ wọn sí, ní àwọn sáfà ní ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 2018, wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀rọ kan tó ti ń bàjẹ́, ni ọ̀nà tí àwọn sáfà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ bá já fún ìṣẹ́jú àáyá 43. Ìṣẹ́jú àáyá o, kì í ṣe ìṣẹ́jú! Ìbò wáyé bó ṣe yẹ, ipò ọ̀gá bọ́ sí ìwọ̀-oòrùn. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí ìlà-oòrùn ti kọ sílẹ̀ tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ ìwọ̀-oòrùn, ìwọ̀-oòrùn náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ tirẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà ṣí, ìwé méjèèjì kò bára mu mọ́, kò sì sí èyí tí wọ́n lè sọ nù. Wọ́n gbà kí iṣẹ́ falẹ̀ dípò kí iṣẹ́ àwọn oníbàárà sọnù. Wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 11 ló gbà kí nǹkan tó padà bọ̀ sípò. Àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn o.

Nǹkan kan tún wà: ọ̀wọ́ sáfà kì í ṣe bákọ́ọ̀pù. Bí akọ̀wé bá ṣèèṣì pa orúkọ gbogbo oníbàárà rẹ́, sáfà kìn-ín-ní á sọ fún ìkejì, ìkejì á sọ fún ìkẹta, gbogbo wọn á sì pa á rẹ́ kíákíá. Ẹ̀dà tí a tọ́jú síbòmíràn lálẹ́ àná nìkan ló lè gbà wá.

Èwo wá ni ká mú? Ilé ìtajà tó ní káúńtà 4, tó ń ṣí láàárọ̀ tó ń tì lálẹ́, sáfà kan tó fún un. Kí wọ́n fi háàdì dísìkì méjì sínú rẹ̀ tí ohun tí ọ̀kan bá kọ ni ekejì ń kọ, kí wọ́n ra UPS gidi, kí wọ́n máa ṣe bákọ́ọ̀pù lálaalẹ́, kí wọ́n sì máa dán an wò bóyá ó ṣeé dá padà. Bí iṣẹ́ bá ń pọ̀, a lè fi RAM kún sáfà kan náà. Wọ́n tún lè ní sáfà kejì tó kàn jókòó ní ìmúrasílẹ̀, tí ènìyàn á fọwọ́ ara rẹ̀ tàn bí ti àkọ́kọ́ bá kú. A lè pàdánù wákàtí kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n kò sí ìjà ọ̀gá méjì. Ilé ìfowópamọ́ tàbí ilé ìwòsàn tí kì í sùn, tó ní òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ náà tọ̀sán-tòru, ìyẹn ló yẹ kó lọ sí ọ̀wọ́ sáfà. Kí ènìyàn kọ́kọ́ ṣírò owó tí ìdúró iṣẹ́ ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún. Bí kò bá tó owó àwọn sáfà yẹn àti owó oṣù ẹni tí yóò máa tọ́jú wọn, kí ló ń wá níbẹ̀ jàre?

Iṣẹ́ ṣíṣe fún ìpàdé tó ń bọ̀: bí ọ̀wọ́ kan bá ní sáfà 7, mélòó ló lè kú kí iṣẹ́ má dúró? Èkejì, yàrá CBT ilé ìwé kan ní kọ̀ǹpútà 40 àti sáfà kan. Owó ọwọ́ wọn lè ra sáfà kejì tàbí UPS, kò tó méjèèjì. Èwo lẹ máa rà fún wọn, kí sì nìdí? Ẹ kọ ọ́ lédè Yorùbá, kí ẹ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ ṣáájú ọjọ́ ìpàdé.