Ẹ Jẹ́ Kí Ara Yá Kí Ẹ Tó Gbé Irin

Àwọn àgbà ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Irin tútù ni èmi fi ìkánjú gbé ní tèmi.

Ìparí sáà àkọ́kọ́ ni. Mo ti jókòó ní ilé ìkàwé láti àárọ̀, mo sì gba ibẹ̀ lọ tààrà sí ìdí irin. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀. Ojú tì mí láti mú èyí tó fúyẹ́. Mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, mo gbé kílò 60. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni èjìká mi ọ̀tún dún. Ọ̀sẹ̀ 3 ni n kò fi lè na ọwọ́ sókè, ìdánwò sì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹni tó rí ìwé tí mo kọ yóò rò pé adìẹ ló fi ẹsẹ̀ ha á.

Àwọn kan ní oòrùn ilẹ̀ wa ti tó láti mú ara gbóná. Ooru a máa ṣèrànwọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Iṣẹ́ tí iṣan fúnra rẹ̀ bá ṣe ni ó ń pe ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ wá sínú rẹ̀, iṣan tó bá sì ti gbóná a máa yára kì, a máa yára nà, ju èyí tó tutù lọ. Èmi tí mò ń kọ́ Yorùbá ni ó yẹ kí n ti mọ èyí. Eré ìdárayá ni a ń pè é: dá ara yá. A sì ń yá iná, a ń yá oòrùn. Bóyá ‘yá’ kan náà ni gbogbo wọn, mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́ wa nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Onílù tí òtútù bá mú awọ ìlù rẹ̀ rọ̀ a kọ́kọ́ sá a sóòrùn.

Bí mo ti ń ṣe é nísinsìnyí nìyí. Ìṣẹ́jú 5 sí 10 ni mo fi ń sáré jẹ́jẹ́ títí òógùn yóò fi yọ. N ó ju apá yí ká, n ó lóṣòó, n ó dìde, nígbà 10. Ọ̀pá irin lásán ni ó kàn. Èyí tí àwọn ọkùnrin ń fi díje wọn kílò 20, kì í ṣe ohun à ń fojú tẹ́ńbẹ́lú. Bí ó bá jẹ́ kílò 60 ni mò ń lọ, n ó gbé 40 nígbà 5, n ó gbé 50 nígbà 3. Kì í ṣe kí ó rẹ̀ mí; ẹni tó ti ń mí hẹlẹ ti ná owó rẹ̀ tán kó tó dé ọjà. Ní ti kí a na iṣan kí a sì dúró bẹ́ẹ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ, ẹ fi ìyẹn di ìgbẹ̀yìn, nítorí ó lè dín agbára kù fún ìgbà díẹ̀.

Ní ìdíje Òlíńpíìkì ti Sydney ní ọdún 2000, nígbà tí àwọn obìnrin kọ́kọ́ gbé irin níbẹ̀, Ruth Ogbeifo gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà fún Nàìjíríà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà péré ni òǹwòran lè rí ẹni tó ń díje kí ó gbìyànjú lórí pèpéle. Wọn kì í rí yàrá ẹ̀yìn, níbi tí àwọn òṣèré wọ̀nyí ti ń bẹ̀rẹ̀ láti orí irin fífúyẹ́, tí wọ́n ń fi díẹ̀díẹ̀ kún un.

N kò sọ pé ẹni tí ara rẹ̀ yá kò lè ṣèṣe o. Àwọn ẹgbẹ́ mi ṣì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń jó kí ìlù tó dún. Ní oṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn tí ẹ̀yìn ń dùn bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jó.