Gbangba Ni Wọ́n Ti Ń Ja Ìjàkadì

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín tó mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí mọ̀ pé gbangba ni wọ́n ti ń jà á. Èrò á pé yí wọn ká, àgbà á wà níbẹ̀ tí yóò sọ pé ó tó. Ìlànà ààbò ọmọ tí mo fẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́, ilé kéú, ìjọ àti ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìlú wa kọ sílẹ̀ kò jìnnà sí èyí: ohunkóhun tí àgbà bá ní í bá ọmọ ṣe, kó ṣe é níbi tí ojú ti tó o.

Kí tísà má ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo. Kí wọ́n má rán ọmọ lọ fọ abọ́ nílé olùkọ́ tó ń dá gbé, ìbáà ṣe ọmọkùnrin. Kí wọ́n tó gba olùkọ́ tuntun, kí wọ́n béèrè níbi tó ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn ìdí tó fi kúrò. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá rọra lé oníwà burúkú lọ láìfọhùn, ọmọ ẹlòmíràn ló tì í sí.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ìtìjú wa ni ògiri wa fi lanu. A kì í fẹ́ pe ojú ara lórúkọ. Ẹ wo ọmọ ọdún márùn-ún tí wọ́n kọ́ pé àkàrà ni kó máa pe tirẹ̀. Ó lọ bá tísà, ó ní, "Àǹtí, bọ̀dá yẹn fọwọ́ kan àkàrà mi." Tísà ní, "Pẹ̀lẹ́, màmá á ra òmíràn fún ẹ." Ọmọ padà lọ jókòó. Kò ní sọ ọ́ mọ́.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, Adamu Adamu, ní kí wọ́n yọ ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ kúrò nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún òbí àti ẹlẹ́sìn. Mo gbà pé iṣẹ́ òbí ni. Ṣùgbọ́n ìyá tó ti ọjà Ọ̀wọ́dé dé lálẹ́, tí ìyá tirẹ̀ náà ò bá a sọ ọ́ rí, ibo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀? Kí ilé ẹ̀kọ́ pe òbí, ààfáà àti pásítọ̀ jókòó, kí wọ́n jọ fẹnu kò lórí ohun tó yẹ kí ọmọ ọdún mẹ́fà gbọ́, àti èyí tó yẹ kí ọmọ ọdún mẹ́wàá gbọ́ kí nǹkan oṣù tó já lù ú.

Bí ọmọ bá wá sọ̀rọ̀, kí ẹni tó gbọ́ má jágbe mọ́ ọn, kó má sì ṣèlérí pé òun ò ní sọ fẹ́nì kankan. Bí wọ́n bá ti bá a lò pọ̀, kí wọ́n má wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má fọ aṣọ rẹ̀. Ilé ìwòsàn ló kàn, kí wákàtí 72 tó kọjá, torí oògùn tó ń dènà HIV kì í ràn án mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Lẹ́yìn náà, ọlọ́pàá. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ní ẹ̀wọ̀n gbére ni fún ẹni tó bá bá ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 18 lò pọ̀. "Òun náà ló gbà" kò gbani níbẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan ló ń bẹ̀bẹ̀ pé "ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀ nílé." Ta ni wọ́n ń yanjú ẹ̀ fún?

Ẹ kọ ìlànà náà ní Yorùbá, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, pẹ̀lú orúkọ ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí ọmọ lè sọ fún. Lọ́jọ́ kejì, ẹ pe ọmọ kan jáde ní pírámárì kẹta, kí ẹ bi í pé, "Bí ẹnì kan bá fọwọ́ kàn ọ́ níbi tí kò yẹ, ta lo máa sọ fún?" Bó bá ń wolẹ̀, ẹ padà lọ bẹ̀rẹ̀.