Ohun tí Ilẹ̀ Ahoro ń Sọ

Àgbẹ̀ Ìkirè tàbí ti Àpòmù tí ó bá ń kọ ebè ní ahoro yóò rí i pé ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú ju ti àyíká rẹ̀ lọ, àti pé àpáàdì àti èédú pọ̀ nínú rẹ̀. Ohun ọ̀gbìn a sì máa ṣe dáadáa níbẹ̀. Kí ni ó fà á?

Ibi tí ènìyàn bá gbé pẹ́, ibẹ̀ ni eérú ààrò, egungun àti ìdọ̀tí ilé ń kó jọ sí. Wọn a jẹrà, ṣùgbọ́n èròjà inú wọn tí à ń pè ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kì í tètè bá òjò lọ. A máa lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 1920, Olof Arrhenius, ará Sweden, ń yẹ ilẹ̀ oko wò, ó sì rí i pé ibi tí èròjà náà pọ̀ sí ni àwọn ará ìgbàanì tẹ̀dó sí.

Ọ̀nà yìí ní ìṣòro tirẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Nínú ìwé tí Smyth àti Montgomery ṣe ní 1962 lórí ilẹ̀ agbègbè wa, orúkọ Àpòmù ni wọ́n fi pe ilẹ̀ oníyanrìn tí àgbàrá ń gbé wá sí ẹsẹ̀ òkè. Ọlá ni fún ìlú náà, bí kò tilẹ̀ ṣe ilẹ̀ tí àgbẹ̀ ń du. Yanrìn kì í di èròjà yìí mú bí amọ̀ pupa ti ń dì í mú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wá ojú ọjà Àpòmù àtijọ́, níbi tí Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé kí ogun Òwu tó bẹ́ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, kò gbọdọ̀ fi yanrìn ẹsẹ̀ òkè wé amọ̀ òkè.

Ilẹ̀ a máa pa májèlé mọ́ pẹ̀lú. Ní ilẹ̀ olótùútù, ewéko àbàtà kì í jẹrà tán. Ó ń ga lé ara rẹ̀ lọ́dọọdún, eruku tí ó bá bà lé e a sì wà níbẹ̀. Nínú irú àbàtà bẹ́ẹ̀ ní Switzerland ni àwọn onímọ̀ ti rí òjé tí iná àwọn tí ń yọ́ fàdákà àti òjé nígbà ìjọba Róòmù tú sí afẹ́fẹ́, ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1998.

Òjé náà kò tíì kúrò títí di òní. Ní Zamfara ní 2010, àwọn tí ń lọ òkúta wúrà nínú àgbàlá kó eruku òjé wọ ilé láìmọ̀. Ọmọdé tí ó kú lé ní 400. Bí a bá fọ́ bátìrì ọkọ̀ lẹ́yìn ilé ní Ìkirè, tí a sì yọ́ òjé inú rẹ̀, erùpẹ̀ ojú ilẹ̀ ni yóò dì í mú, níbi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Ẹni tí ó bá ra irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó bu erùpẹ̀ rẹ̀, kí ó sì béèrè àyẹ̀wò òjé ní ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀ ní yunifásítì Ìbàdàn tàbí ti Ilé-Ifẹ̀, kí ó tó gbin ẹ̀fọ́ sí i.