Apá Mi Kán, Ẹja Mi Ò Gbọdọ̀ Kú

Ọ̀rọ̀ ẹja inú gíláàsì, èyí tí wọ́n ń pè ní aquarium, ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe ẹwà rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Mo fẹ́ sọ bí a ṣe tọ́jú tèmi nígbà tí mi ò ní ọwọ́ tí mo lè fi ṣiṣẹ́, àti àṣìṣe kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo wọn.

Àárín òjò ni. Mo ń ti Alagbole bọ̀ wálé ní Akute lórí ọ̀kadà, ẹrẹ̀ yọ̀ wá, la bá ṣubú. Eegun ọrùn ọwọ́ òsì mi kán, òkúta sì ya àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún mi. Ní ọsibítù, wọ́n fi P.O.P. sí ti òsì, wọ́n rán ti ọ̀tún. Dókítà ní P.O.P. yẹn máa wà lọ́wọ́ mi fún ọ̀sẹ̀ 6.

Bí mo ṣe délé, ojú mi lọ síbi àpótí ẹja mi. Omi lítà 60 ló wà nínú rẹ̀, guppy 8 àti kribensis 2. Kribensis yìí, ẹja ilé wa ni o. Odò apá gúúsù Nàìjíríà títí dé etíkun Kamẹrúùnù ni wọ́n ti ń gbé, kí àwọn èèyàn tó máa sìn wọ́n nínú gíláàsì kárí ayé. Mo wá ń rò ó pé: ta ló máa pààrọ̀ omi fún wọn báyìí?

Ta ló ń tún omi ẹja ṣe gan-an?

Inú omi tí ẹja ń gbé náà ló ń jẹun sí, ibẹ̀ náà ló ń yàgbẹ́ sí. Bó ṣe ń mí, májèlé kan tó ń jẹ́ ammonia ń jáde lára rẹ̀. Oúnjẹ tó ṣẹ́kù tó sì jẹrà náà ń di ammonia. Ẹ mọ òórùn ilé ìtọ̀ tí wọn ò fọ̀? Òun nìyẹn. Nínú odò, omi ń ṣàn, ó ń gbé e lọ. Nínú gíláàsì, kò síbi tó máa gbà jáde.

Bakitéríà ló ń gba ẹja sílẹ̀. Ọ̀wọ́ kìíní máa ń sọ ammonia di nitrite. Nitrite náà ṣì burú, torí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹja gbé oxygen bó ṣe yẹ. Ọ̀wọ́ kejì á wá sọ nitrite di nitrate, èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀, tí a lè fi omi tuntun dín kù, tí ewéko náà sì máa ń jẹ. Ní 1890 ni Sergei Winogradsky, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ya irú bakitéríà bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ láti inú ilẹ̀.

Ibi tí wọ́n ń gbé ló ṣe pàtàkì jù. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló wà nínú omi. Èyí tó pọ̀ jù lẹ̀ mọ́ fóòmù fíltà, òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ àti ara gíláàsì. Tí àpótí bá jẹ́ tuntun, ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó. Iye àkókò tí eegun mi fẹ́ fi jinná náà nìyẹn.

Ọjọ́ tí àbúrò mi fọ fíltà

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àbúrò mi rí i pé omi ti ń dọ̀tí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ sinmi, màá bá yín ṣe é." Oògùn ìrora ti kùn mí lóorun, mo ní kó máa ṣe é. Nígbà tí mo jí, gbogbo nǹkan ń dán. Ó ti da gbogbo omi nù, ó fi ọṣẹ fọ fóòmù títí tó fi funfun, ó ṣan òkúta, ó sì rọ omi tuntun kún un. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ẹja wà lójú omi, wọ́n ń la ẹnu bí ẹni tó sáré. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta tó mọ́, guppy kan ti kú. Ọ̀sán ò tíì pọ́n, èkejì tẹ̀ lé e.

Àbúrò mi ń wojú mi. "Ẹ̀gbọ́n, omi ṣáà mọ́?" Omi mọ́ lóòótọ́, àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ ló ti fi ọṣẹ pa. Ẹja ṣì ń tú ammonia jáde bíi tàná, kò sì sí ẹni tó ń gbà á mọ́. Mi ò bá a wí. Èmi ni mi ò ṣàlàyé fún un.

Bí a ṣe yọ wọ́n

Oúnjẹ la kọ́kọ́ dá dúró fún ọjọ́ 3. Ẹja tó ti dàgbà, tí ara rẹ̀ le, lè wà láìjẹun fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ohun tí kò bá wọlé kò lè di ammonia.

Lẹ́yìn náà, ìdá mẹ́rin omi kan la ń pààrọ̀ lójoojúmọ́, ìyẹn lítà 15. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan, kílò 15 nìyẹn, kì í ṣe ẹrù ẹni tó wà nínú P.O.P. Rọ́bà tín-ínrín la fi fa omi jáde gba ojú fèrèsé. Ike omi onílítà kan ààbọ̀ la fi dá tuntun padà, ìgbà 10 péré. Omi borehole là ń lò ládùúgbò wa. Irú omi bẹ́ẹ̀ lè má ní oxygen púpọ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, nítorí náà a máa ń jẹ́ kó sùn nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ bá ń fi chlorine sí omi yín, ẹ ṣí i sílẹ̀ fún wákàtí 24 kẹ́ ẹ tó lò ó.

Ẹ̀kẹta, mo bẹ ọ̀rẹ́ mi kan ní Ajuwon tó ń sin ẹja. Ó gé fóòmù díẹ̀ fún mi nínú fíltà tirẹ̀, láìfọ̀ ọ́, ó sì kó o sínú omi ẹja kó má gbẹ. Bakitéríà la lọ yá yẹn. A tún fi ojú oró díẹ̀ sí i. Ojú oró máa ń lo ammonia àti nitrate bí oúnjẹ.

Nígbà tí NEPA bá sì mú iná, ẹ̀rọ atẹ́gùn á kú. Bí ẹja ṣe nílò oxygen ni bakitéríà náà nílò rẹ̀. Àbúrò mi á mú kọ́ọ̀bù, á máa bu omi, á sì máa dà á padà láti òkè kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n fi ojú omi sílẹ̀. Guppy 6 àti kribensis méjèèjì ló yè.

Ojú egbò kì í ṣeré nínú omi ẹja

Lọ́jọ́ tí ẹja ń kú yẹn, díẹ̀ ló kù kí n ti ọwọ́ ọ̀tún mi bọ omi, tòun ti okùn tí wọ́n fi rán an. Ọlọ́run ló yọ mí. Bakitéríà kan wà tó ń jẹ́ Mycobacterium marinum, ẹbí èyí tó ń fa ikọ́ ife. Ní 1926 ni Joseph Aronson rí i lára àwọn ẹja tó kú ní aquarium ìlú Philadelphia, ní Amẹ́ríkà. Ojú egbò ló ń gbà wọ ara èèyàn. Ibi tí ara ti tutù díẹ̀ ló fẹ́ràn, ìdí nìyẹn tó fi sábà ń mú ọwọ́. Kókó kékeré á yọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè má dunni púpọ̀, ó sì lè máa gòkè lọ lápá. Oògùn rẹ̀ máa ń gba oṣù mélòó kan, oògùn tá a kàn rà ní kẹ́mísìtì kì í sábà ràn án. Tí irú kókó bẹ́ẹ̀ bá yọ, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń sin ẹja. Ọ̀pọ̀ dókítà ò ní ronú kàn án tẹ́ ò bá sọ.

Nítorí náà, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò légbò ni kó bá yín ṣe é, kó sì fi ọṣẹ fọwọ́ tó bá parí. Ẹ má fi ẹnu fa rọ́bà o. Ẹ rọ omi kún un, ẹ fi ìka dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì, ẹ ti ẹnu kan bọ inú àpótí, ẹ gbé ìkejì sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ tó tú u sílẹ̀.

Wọ́n ti tú P.O.P. mi báyìí, ọwọ́ mi ti ń lágbára. Ṣùgbọ́n ìwé kan ṣì lẹ̀ mọ́ ara àpótí ẹja mi: "Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́, ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú 2. Ìdá mẹ́rin omi kan lọ́sẹ̀. Omi inú àpótí ni kí o fi fún fóòmù, má fi ọṣẹ kàn án." Àbúrò mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Tí ẹ ò bá lè dìde lọ́la, ta ló mọ ìtọ́jú ẹja yín?