Àjọjẹ Láìfojúkojú: Ìtùnú Olókùnrùn nínú Ẹgbẹ́ Eré orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ìfáàrà

Ní àwùjọ Yorùbá, àìsàn kì í ṣe ti ẹni tí ó dùbúlẹ̀ nìkan. Bí ara ènìyàn kò bá ti yá, ará ilé yóò gbọ́, ará àdúgbò yóò yà, ẹgbẹ́ yóò sì rán aṣojú wá kí i. Àbẹ̀wò báyìí a máa ṣe olókùnrùn lóore nígbà tí àìsàn bá jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ méjì tàbí oṣù kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ti ọdún gbọọrọ, ẹsẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í dá lẹ́nu ọ̀nà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwọn tí ó ṣì ń wá a sì máa bi í: ara ńkọ́? Irú ìtùnú mìíràn ni iṣẹ́ yìí yẹ̀ wò, èyí tí olókùnrùn rí láàárín àwọn tí wọ́n jọ fẹ́ràn eré kan, tí wọ́n sì ń pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìrí ara wọn sójú. Àpẹẹrẹ tí ó dúró lé ni ti Mats Steen, ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè. Òwe Yorùbá méjì ni òṣùwọ̀n tí ọ̀rọ̀ náà yóò gbà kọjá: "Àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní", àti "Ojú lọ̀rọ̀ wà". Èkíní bá a mu rẹ́gí. Èkejì ni ó gba àròjinlẹ̀.

Mats Steen àti Ibelin

Ọdún 1989 ni wọ́n bí Mats Steen. Àrùn tí wọ́n ń pè ní Duchenne ni ó ṣe é. Àrùn àbímọ́ni ni, ọmọkùnrin ni ó sì sábà máa ń mú. Ara ẹni tí ó ní in kì í pèsè èròjà tí ń dáàbò bo iṣan, nítorí náà iṣan ẹsẹ̀, ti apá àti ti ẹ̀yìn yóò máa kú díẹ̀díẹ̀, títí tí yóò fi kan èémí àti ọkàn. Ọmọ tí ó ti ń rìn kiri yóò di ẹni tí ń jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ. Ìtọ́jú wà tí ó lè mú kí àrùn náà falẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì sí èyí tí ń wò ó sàn pátápátá.

Bí ara Mats ti ń kọ iṣẹ́ sílẹ̀ ni ó túbọ̀ ń sún mọ́ World of Warcraft, eré orí kọ̀ǹpútà tí ó jáde ní ọdún 2004. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń wà nínú ayé eré yìí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dá ìtàn tí ó ń darí, wọ́n sì ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ Starlight ni Mats wà. Ibelin Redmoore ni ó sọ ẹ̀dá ìtàn tirẹ̀, géńdé ọkùnrin tí ó jẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Bí Mats bá ti wọ inú eré, Ibelin a kọ́kọ́ sáré kiri ná. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé láàárín wákàtí 15,000 sí 20,000 ni ó lò níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ kò gbọdọ̀ fojú fo ohun kan dá. Ohùn ẹ̀dá ìtàn ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Starlight fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, nípa títẹ ọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Eléyìí sún mọ́ eré oníṣe tí òṣèré kò há ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí tẹ́lẹ̀ ju ìdíje lọ, bí ẹni pé òṣèré Alárìnjó wọ ẹ̀kú tí kò sì bọ́ ọ. Nínú ẹ̀kú yìí, kò sí ẹni tí ó rí kẹ̀kẹ́ arọ.

Ẹni tí ó ní ohun tí yóò mú wá

Àlàyé tí ó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ni pé eré náà mú Mats gbàgbé àìsàn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tó. Oògùn oorun náà ń mú ni gbàgbé. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣe. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, tí àwọn òbí rẹ̀ gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀. Mats kọ lẹ́tà sí àwọn òbí náà láti bá a bẹ̀bẹ̀. Ìyá kan sì wà tí ọmọkùnrin rẹ̀ ní ọtísìmù, tí ìdìmọ́ra nira fún. Mats gba ìyá yìí nímọ̀ràn pé kí wọ́n jọ máa ṣeré náà. Inú ayé eré ni ìyá àti ọmọ ti kọ́kọ́ dì mọ́ ara wọn.

Nílé, gbígbà ni tirẹ̀. Àwọn olùtọ́jú ni ó ń gbé e dìde. Nínú ẹgbẹ́, ó ń fún ni. Ahun ni àwọn ènìyàn sábà máa ń fi òwe àjọjẹ bá wí, ṣùgbọ́n ó tún ṣe àlàyé ìrora ẹni tí wọ́n ń bù fún lójoojúmọ́ tí kò rí nǹkan kan dá padà.

Èyí kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ó tọ́ kí wọ́n yọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde kúrò nínú eré sísá. Kí ni ìdí tí wọ́n fi ń yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ òṣèré pẹ̀lú? Ọmọ tí ń ti ilé ìwòsàn bọ̀ lè jẹ́ olùtọ́jú àlọ́ àpamọ̀ fún kíláàsì, tí gbogbo wọn yóò máa retí èyí tí yóò kó dé.

Ojú dà?

Mats kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ mọ̀ pé òun ń ṣàìsàn. Ó kọ̀ láti fi ohùn bá wọn sọ̀rọ̀, ó sì ń yẹra fún ìpàdé ojúkojú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa le nígbà mìíràn, àárín òun àti àwọn kan sì dàrú nítorí pé wọn kò mọ ohun tí ń ṣe é. Ọdún 2013 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ àìsàn náà sílẹ̀ ní gbangba. Ẹ̀kú tí ó fún un ní òmìnira ni ó tún sé e mọ́.

Nítorí náà, òwe "Ojú lọ̀rọ̀ wà" kò parọ́, ṣùgbọ́n ojú inú òwe náà ju ẹyin ojú lọ. Ó wà nínú "ojúlùmọ̀", ó wà nínú "ojú àánú". (Ọ̀rọ̀ náà "ọ̀rẹ́" fúnra rẹ̀ kò ní ojú nínú!) Wọn kò rí ojú Mats, síbẹ̀ wọ́n mọ ìwà rẹ̀.

Ó kú ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 2014, ní ẹni ọdún 25. Ó ti jẹ́ ìbànújẹ́ fún àwọn òbí rẹ̀ pé ọmọ náà gbé ayé láìlọ́rẹ̀ẹ́. Bàbá rẹ̀ kọ ìròyìn ikú náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́tà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ìdílé náà kò mọ̀ rí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Starlight wá láti orílẹ̀-èdè mìíràn sí ibi ìsìnkú. Ní ọdún 2024, Benjamin Ree gbé fíìmù jáde nípa rẹ̀. Àwòrán ayé eré ni wọ́n fi ṣe apá kan fíìmù náà, ọ̀rọ̀ tí ń jáde lẹ́nu Ibelin níbẹ̀ sì wá láti inú àkọsílẹ̀ tí ẹgbẹ́ ti tọ́jú.