Nítorí Imú Ẹṣin Rẹ

Àlàbí ọmọ mi,

O kú oríire ẹṣin tuntun. Wọ́n ní ẹ̀yìn ilé, níbi tí koríko ti ga dé orúnkún, lo so ó sí. Gàárì tí o rán àwòrán rẹ̀ sí mi dára, àmọ́ ọ̀rọ̀ ejò ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Ejò kì í wá ẹṣin kiri. Ẹṣin ló máa ń fi imú tú koríko, bó bá sì rí ohun tó ń mira, á fẹ́ gbóòórùn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé imú ni paramọ́lẹ̀ sábà máa ń ṣán an. Ajá lè fi ẹnu mí. Ẹṣin ò lè ṣe é, imú nìkan ló ní. Bí imú bá wú títí ihò méjèèjì fi dí, àìrí èémí lè pa á kí oró tó ráyè ṣiṣẹ́ tirẹ̀.

Nítorí náà, gé rọ́bà omi méjì tó bí íǹṣì 6, kí o dán etí wọn, kí o fi wọ́n sílé ẹṣin. Bí ejò bá ṣán an nímú, tú ìjánu, fi òróró kun rọ́bà náà, rọra tì wọ́n sínú ihò imú, kí o sì fi tépù dè wọ́n. Kó tó wú ni o. Bó bá ti wú tán, wọn ò ní wọlé mọ́.

Má gùn ún lọ sí ilé ìwòsàn, má sì fà á rìn. Ìrìn ń mú oró tàn ká. Dókítà ẹran ni kó wá bá a. Má so okùn, má fi abẹ gé ojú ibi tí ejò ti ṣán an, má fẹnu fa oró. Mo mọ̀ pé bàbá kan ládùúgbò yóò ní òun mọ ẹ̀rọ̀ rẹ̀. Kó ṣàdúrà, kó sì fi abẹ rẹ̀ sápò.

Bó bá jẹ́ sèbé ló tutọ́ sí i lójú, omi tó mọ́ ni kí o fi ṣan ojú náà dáadáa.

Ẹṣin tó yè é náà ò tíì bọ́. Tẹ́tánọ́ọ̀sì lè wọ ojú ọgbẹ́, oró sì lè ba ọkàn rẹ̀ jẹ́, kó má hàn títí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ á fi kọjá. Má gùn ún títí dókítà yóò fi gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù.

Má gbọ́kàn lé oògùn oró ejò. Ẹ̀jẹ̀ ẹṣin ni wọ́n fi ń ṣe EchiTAb-Plus, ọ̀kan lára irú oògùn bẹ́ẹ̀ tí Costa Rica ń ṣe fún wa ní Nàìjíríà. Wọ́n á máa gún ẹṣin lóró díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á fi mọ bó ṣe ń bá a jà. Síbẹ̀, oògùn náà ṣọ̀wọ́n fún èèyàn pàápàá, ká má tíì sọ ti ẹṣin.

Gé koríko yẹn lọ́sẹ̀ yìí, kí o sì bo ọkà bàbà rẹ, torí eku ni ejò ń tọ̀ wá. Kọ nọ́ńbà dókítà ẹran sára ilẹ̀kùn, kí ọmọ tó ń tọ́jú ẹṣin lè rí i bí o ò bá sí nílé.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ